Ọmọ Mu Kẹrosíìnì: Ẹ Gbé Epo Pupa Yẹn Sílẹ̀!

Bí ọmọ kékeré bá ṣèèṣì mu kẹrosíìnì tí wọ́n rọ sínú ìgò omi, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Mo ti ń gbọ́ ọ: "Ẹ fún un ní epo pupa kó bì!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Inú ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì ti ń ṣọṣẹ́ jù, kì í ṣe inú ikùn. Bí ọmọ bá ń bì, ó lè yà sọ́nà èémí. Èyí tí kò tó ṣíbí tíì kan ti tó. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á wú, omi á kún wọn, ọ́síjìn ò sì ní ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Bó bá le gan-an, òun làwọn dókítà ń pè ní ARDS. Òtútù àyà, COVID-19 àti èéfín iná náà lè fà á. Ó ń pààyàn. Ẹni tó bá sì yè é lè máa mí gúlegúle fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Nítorí náà, ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, bí kò bá tilẹ̀ tíì wúkọ́.

Lálẹ́ òní, ẹ yẹ ìgò tó wà nítòsí sítóòfù yín wò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.