Èso Inú Ọ̀dàn: Ohun Tí A Ní Là Ń Náání

Àwọn àgbà a máa wí pé, ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn igi eléso tí ó wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí nǹkan kan mọ́ ju igi ìdáná lọ.

Bí a bá ní kí ọmọdé dárúkọ èso, máńgòrò àti kajú ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Èso rere ni méjèèjì, wọ́n sì ń mú owó wọlé fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n. Ìhà ilẹ̀ Íńdíà ni máńgòrò ti wá. Ilẹ̀ Bùràsílì ni ti kajú, àwọn Pọtogí ni ó sì gbé e káàkiri ayé láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ìyeyè pàápàá, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó bá wa bí ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ni igi èmì, igi igbá àti igi osè.

Ẹ jẹ́ kí a mú èmì ṣíwájú. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ni èso rẹ̀ máa ń pọ́n, tí yóò sì máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Àkókò yìí ni iṣu inú abà ń tán lọ, tí tuntun kò sì tíì tó wà. Ara dídùn tí ó bo kóró èso náà ni àgbẹ̀ tí ń roko àti ọmọ tí ń bá a lọ sí oko fi í pa ebi. Kóró inú rẹ̀ ni a sì ń rí òrí láti ara rẹ̀, nítorí pé nǹkan bí ìdajì kóró náà ni ó jẹ́ ọ̀rá. Àwọn obìnrin a ṣa èso tí ó já bọ́, wọn a bọ kóró rẹ̀, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì máa fi omi pò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọn a sè, tí wọn a sì jẹ́ kí ó tutù kí ó lè dì. Òrí ni a fi ń pa ọmọ tuntun lára, òun ni a sì fi ń se oúnjẹ ní ibi tí epo pupa kò bá pọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé ilẹ̀ Málì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rá irú kóró bẹ́ẹ̀ se oúnjẹ, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n sì ń fi pa ara. Ní ìrìn-àjò yìí kan náà, ó rí igi ńlá kan tí inú rẹ̀ ti dá ihò, tí ahunṣọ kan jókòó sí inú rẹ̀ pẹ̀lú òfì rẹ̀, tí ó ń hunṣọ. Inú àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn yóò dùn láti gbọ́ èyí! Nígbà tí ó di ọdún 1796, Mungo Park, ará ilẹ̀ Sìkọ́tílándì, tún rí igi èmì ní ìhà odò Ọya lókè lọ́hùn-ún. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sọ igi igbá títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní Parkia.

Ìgbà tí a bá dárúkọ igbá, irú ni ó ń wá sí ọkàn. Nǹkan bí ìdámẹ́ta kóró rẹ̀ ni ó jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹran àti ẹ̀wà. Ilé tí agbára rẹ̀ kò bá ká ẹran lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ fi irú ṣeré. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tí ó yí kóró náà ká nínú pódi rẹ̀ dùn, ó sì ṣeé pò mọ́ omi mu.

Ti osè sì kọjá ewé tí a fi ń ṣe ọbẹ̀ lúrú. Ìyẹ̀fun funfun kíkan tí ó wà nínú èso rẹ̀ ní fítámì C ju ọsàn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Kí ìyá ilé bu díẹ̀ sínú ògì tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí omi tútù, kí ó má ṣe sè é pẹ́, nítorí pé iná a máa ba fítámì yìí jẹ́. Ní ọdún 2008, àjọ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kí a máa ta ìyẹ̀fun yìí ní ọ̀dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ. Igi èmì le, èédú rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nínú iná. Nítorí náà ni àwọn asunèédú ṣe ń wá a kiri nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Ẹ̀rọ agégi kì í lo wákàtí kan tí ó fi ń bi í wó. Bẹ́ẹ̀ ni èmì a máa lo nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so èso àkọ́kọ́, ó sì lè máa so fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gba owó. Ẹni tí ó bá dá a sí, ọdọọdún ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò máa rí owó ní ìdí rẹ̀. Obìnrin kì í sábà ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣa èmì. Bí ọkùnrin bá ta igi fún asunèédú, owó ọwọ́ ìyá ilé ni ó tà.

Owó náà kò sì kéré. Láti ọdún 2000 ni òfin àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti gbà kí a fi ọ̀rá èmì àti irú rẹ̀ díẹ̀ sínú ṣokoléètì, bí kò bá ti ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin dá kíkó kóró èmì tútù jáde kúrò nílẹ̀ yìí dúró fún oṣù mẹ́fà, kí iṣẹ́ àti èrè ṣíṣe òrí lè dúró sílé.

Nítorí náà, ó tọ́ kí baálẹ̀ àti àwọn àgbà pe ìpàdé, kí abúlé kọ̀ọ̀kan sì fi ohùn ṣọ̀kan pé a kò ní gé èmì, igbá àti osè tí ń so. Kí àgbẹ̀ tí ń ṣán oko dá èyí tí ó hù fúnra rẹ̀ sí, kí ó sì ro ìdí rẹ̀ mọ́ kí iná ọ̀dàn má baà jó o. Kí àwọn ìyá má ṣe sá kóró sí ojú títì ọlọ́dà, nítorí pé ìdọ̀tí ọkọ̀ a máa ba òrí jẹ́. Orí ẹní mímọ́ ni ó dára.

Ẹ̀yin ará, àwọn tí ó gbọ́n ṣíwájú wa ni ó dá àwọn igi wọ̀nyí sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ní ọwọ́ ìran yìí ni wọn yóò ti tán.