Iṣẹ́ Ìjọba Tó Ń Ṣí Kiri: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́



Ní oṣù kìíní ọdún 2024, báńkì àpapọ̀, CBN, ní òun fẹ́ kó ẹ̀ka iṣẹ́ márùn-ún láti Àbújá lọ sí Èkó. FAAN náà ní òun ń kó olú iléeṣẹ́ òun lọ. Àwọn sẹ́nétọ̀ Òkè Ọya yarí, Ali Ndume sì wà lára àwọn tó pariwo jù. CBN ní èrò ti pọ̀ ju ilé lọ: ilé tó yẹ kó gba 2,700, 4,233 ló wà níbẹ̀.

Ẹ má bi wá pé kí ló kan aláta níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ọjọ́ tí Murtala kéde Àbújá, ló pín Western State sí mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ dirù n'Ìbàdàn, ó di Abẹ́òkúta, ó di Àkúrẹ́. Ní 1991 wọ́n tún yọ Ọ̀ṣun. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ló ń ra ẹran, tó ń gba aṣọ láwìn. Bó bá kó lọ, ọjà á dá, àwìn mìíràn á sì bá a lọ!

Nítorí náà a ò lè bú àwọn Òkè Ọya. Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé Èkó nìkan ni wọ́n rí, Èkó tó ti kún àkúnya. IITA wà nítòsí wa níbí láti 1967, kò sí l'Èkó, kò sí l'Ábújá, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ.

Ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí aṣòfin wa lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ jẹun.