Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Dán An Wò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní JSS

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ ní ilé-ìwé wa. Mo rí i tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sọ lọ́kàn wọn pé kí ni oníròyìn tó lọ sí pólì mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì? Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ jáde, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an ni mo fi gbà láti sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa nínú iṣẹ́ ìròyìn ni pé bí ènìyàn bá sọ nǹkan kan fún ọ, kí o bi í pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Bó bá ní òun gbọ́ ni, wá ẹni tó rí i. Bó bá ní òun rí i, wá ẹlòmíràn tó tún rí i. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìbéèrè kan náà yìí ni ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì. Òun ni mo fẹ́ kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní JSS 1 dé JSS 3, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń yan Physics tàbí Commerce.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Kí ni ìdánwò? Dán an wò ni. Ṣe é, kí o sì wo ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ a máa kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á tọ́ ọ wò kó tó fi iyọ̀ kún un. Àgbẹ̀ tí wọ́n fún ní irúgbìn àgbàdo tuntun, bó bá gbọ́n, kò ní fi gbogbo oko gbà á. Á gbìn ín sí ebè mélòó kan, á gbin èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá wo èyí tó gbó dáadáa jù. Ìdánwò nìyẹn o! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ ìdánwò létí ọmọ ilé-ìwé, àyà rẹ̀ á já. Lójú tirẹ̀, ìdánwò ni gbọ̀ngàn, bébà ìbéèrè, àti tíṣà tó ń rìn kiri láàárín àga. Àwa ni à ń dán ọmọ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò dán nǹkan kan wò.

Nígbà tiwa, Integrated Science ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Púpọ̀ nínú wa ṣì lè kà á lórí bí oríkì: observation, hypothesis, experiment, conclusion. Ní èdè wa, ohun tó ń sọ kò ju pé kí o kíyè sí nǹkan, kí o dá àbá, kí o dán àbá náà wò, kí o wá sọ ohun tí o rí. Tíṣà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, a dà á kọ, a há a sórí, a gba máàkì. Ta ló dá àbá nínú wa? Ta ló rí ohun tí kò retí?

Ibi tó burú jù ni pé ní ilé-ìwé púpọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe practical, àbájáde rẹ̀ ti wà lójú bọ́ọ̀dù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí kò bá bọ́ọ̀dù mu, á gba òdo. Èyí tó da ti bọ́ọ̀dù kọ láìwo nǹkan kan, á gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, irọ́ la fi ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a sì ń fún un lẹ́bùn lé e lórí.

Kí n má sọ̀rọ̀ lófìfo. Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan jáde tí kò ní ná ilé-ìwé ní ju okùn tín-ínrín, òkúta, rúlà àti aago. Kan ìṣó sókè ẹnu ọ̀nà kíláàsì. So òkúta mọ́ okùn, fi kọ́ ìṣó náà. Fa òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀. Á máa fì lọ, á máa fì bọ̀. Wàyí o, kí tíṣà má ṣàlàyé kankan. Kó kàn béèrè pé, kí ló lè mú kí ó yára fì jù báyìí lọ?

Ẹ ó gbọ́ ariwo. Ọ̀kan á ní bí òkúta bá wúwo sí i ni. Òmíràn á ní bí a bá fà á jìnnà sí i kí a tó fi sílẹ̀. Òmíràn á ní bí okùn bá kúrú. Àbá ni wọ́n ń dá yẹn, wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Kí tíṣà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láì fi èyíkéyìí ṣẹ̀sín. Kó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní á pààrọ̀ òkúta nìkan. Ọ̀wọ́ kejì á pààrọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á jìnnà tó. Ọ̀wọ́ kẹta á pààrọ̀ gígùn okùn. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí padà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tó pààrọ̀ ata, iyọ̀ àti epo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọbẹ̀ bá dùn, kò lè sọ èyí tó mú un dùn.

Kí wọ́n ka iye àlọ-àbọ̀ tí òkúta náà ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹni méjì jọ máa kà á, kí wọ́n má baà tan ara wọn jẹ. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá jẹ́ mítà 1 láti ìdí ìṣó dé àárín òkúta, wọ́n á ka nǹkan bí 30. Kí wọ́n so òkúta tó wúwo ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì rí i pé gígùn náà kò yí padà, 30 náà ni. Kí wọ́n fà á jìnnà díẹ̀ sí i, bí kò bá ṣáà ti pọ̀ jù, 30 náà ni. Okùn nìkan ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Kí tíṣà wá béèrè pé, bí a bá dín okùn kù sí ìdajì, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, mélòó lẹ ó kà? Gbogbo kíláàsì á pariwo pé 60! Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Ó dáa, kí wọ́n dín in kù. Nǹkan bí 42 ni wọ́n á kà. Wọ́n á ní àwọn ṣi í kà, wọ́n á tún un kà, 42 náà ni. Ó di ìgbà tí okùn bá kúrú dé sẹ̀ǹtímítà 25, ìyẹn ìdá mẹ́rin, kí wọ́n tó rí 60 wọn. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa dé bá kíláàsì nígbà tí 42 bá jáde, òun ni mo ń pè ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Gbogbo wọn gbà á, gbogbo wọn sọ ọ́ lóhùn rara, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó nà wọ́n, kò sẹ́ni tó bú wọn. Okùn àti òkúta ló dá wọn lóhùn. Irú nǹkan tó ń fì báyìí ni Galileo ará Ítálì kíyè sí ní ohun tó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn, òun náà ni Christiaan Huygens ará Họ́láǹdì fi ṣe aago ní 1656.

Ẹnìkan lè ní, òkúta tó ń fì, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, arìnrìn-àjò kan, Patrick Sawyer, ti Làìbéríà wọ Èkó pẹ̀lú àìsàn. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh wò ó, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó béèrè bóyá ọkùnrin náà ti bá aláìsàn Ebola pàdé, ọkùnrin náà ní rárá. Dókítà kò fi ti "rárá" yẹn ṣe. Ó dá àbá, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde bí wọ́n tilẹ̀ ń rọ̀ ọ́, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ebola ni lóòótọ́. Àìsàn náà pa dókítà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ló kó o ní orílẹ̀-èdè wa, 8 kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 21, nítorí pé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àìsàn náà máa ń fara hàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe? Ìpè wọlé láàárín òru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, Ebola kò ní ràn wá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló bọ́ sínú omi iyọ̀, àti àwọn tó gboyè yunifásítì. Ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ó ṣekú pa àwọn kan. Gbogbo wọn ló há hypothesis sórí ní JSS. Ẹni mélòó ló béèrè lórí fóònù lóru ọjọ́ náà pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ìdí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì nìkan nìyẹn.

Ohun kejì ni èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á bàjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kò jókòó jiyàn. Ní 1970, wọ́n dán an wò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀wọ́ kan fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ fún ọdún 6, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì fi Yorùbá kọ́ ọdún 3, wọ́n sì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ dé òpin ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Nítorí náà, nígbà tí òkúta bá ń fì, ẹ jẹ́ kí ọmọ dá àbá rẹ̀ ní èdè tó fi ń ronú. Ẹni tí a ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ Yorùbá, á kúkú panu mọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa sọ, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, iṣẹ́ inú sílábọ́ọ̀sì pọ̀, BECE ń bọ̀. Mi ò ní kí gbogbo ẹ̀kọ́ di okùn àti òkúta. Pírọ́ọ̀dù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tó láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí á ní ọmọ tó bá ń béèrè báwo lẹ ṣe mọ̀ á di aláfojúdi. Rárá o. Ọmọ lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó béèrè. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa: ọmọ tó bá mọ ìbéèrè yìí lò, á bi òbí, á bi òṣèlú, á bi wòlíì, á sì bi oníròyìn bíi tèmi. Bí a kò bá lè fara da ìyẹn, ká yáa má sọ pé sáyẹ́ǹsì la fẹ́.

Ẹgbẹ́ wa ń sọ̀rọ̀ láti ra ohun èlò sí láàbù. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó má baà fọ́, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Mo bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́ta sí i. Èkíní, ká ra ìwé kan fún ọmọ JSS kọ̀ọ̀kan tí yóò máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sí, kí a sì máa fún un ní máàkì nítorí pé ó kọ òtítọ́, yálà àbá rẹ̀ ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Èkejì, ká ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì láti jókòó pọ̀ fún ọjọ́ méjì nígbà ìsinmi, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú iṣẹ́ báyìí kí wọ́n tó lọ fi kọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta kò gba owó rárá. Kí ẹnìkan nínú wa máa wá ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ọmọ. Mẹkáníìkì wà láàárín wa. Bí mọ́tò kò bá ṣíná, kì í pààrọ̀ bátìrì, pílọ́ọ̀gì àti páńpù lẹ́ẹ̀kan náà. Á yẹ ọ̀kan wò, á fi í sílẹ̀, á yẹ ìkejì wò. Nọ́ọ̀sì wà níbí, àgbẹ̀ wà níbí, aránṣọ wà níbí. Gbogbo yín lẹ ní ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ wá sọ fún wọn bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù la fẹ́ kọ́ wọn, ojú la fẹ́ là fún wọn. Alága, mo dá àbá pé ká fi JSS 1 nìkan bẹ̀rẹ̀ fún ọdún kan, ká kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀, ká sì mú un wá síbi ìpàdé tó ń bọ̀. Bó bá ṣiṣẹ́, ká tẹ̀ síwájú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ká sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, ká sì wá ọ̀nà mìíràn.