Stephen Keshi: Balógun Tó Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Nínú ìtàn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, wọn ò pọ̀ rárá, àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì tún gbà á nígbà tí wọ́n di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìyẹn ẹni tó ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tó sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì ló kọ́kọ́ ṣe é; olóògbé Stephen Keshi, ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta, ló ṣìkejì. Òun ni balógun ikọ̀ Super Eagles ti Nàìjíríà tó borí Zambia ní Tunis lọ́dún 1994, òun náà ló sì kó ikọ̀ ọ̀hún lọ sí Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2013.

Keshi kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. St. Finbarr's ní Akoka, l'Ékòó, ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù kàn jákèjádò, ló ti kàwé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún New Nigeria Bank ní Benin. Ọ̀nà tó so Èkó àti Benin pọ̀ sì rèé, ó gba Ore kọjá, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì mọ̀ mọ́ ogun abẹ́lé Nàìjíríà ti 1967 ju ohun mìíràn lọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó gan-an ni ìgbàgbọ́ tó ní nínú agbábọ́ọ̀lù ilé, ìyẹn àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì abẹ́lé, tí àwọn aláṣẹ kì í sábà kà sí nígbà tí wọ́n bá ń wo ọ̀nà Yúróòpù. Mẹ́fà nínú irú wọn ló fi kún àwọn 23 tó kó lọ lọ́dún 2013. Godfrey Oboabona wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Òǹdó fúnra rẹ̀. Ó sì wà lórí pápá lọ́jọ́ 10 oṣù Kejì, nígbà tí Sunday Mba, agbábọ́ọ̀lù ilé bíi tirẹ̀, ta bọ́ọ̀lù gba orí ẹni tó fẹ́ dí i lọ́nà, tó sì gbá a wọ àwọ̀n Burkina Faso. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló gba ife.

Lọ́jọ́ kejì, Keshi kéde lórí rédíò pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó tó yí ọkàn padà. Èyí kò lè ya ẹni tó mọ ohun tí ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ onílẹ̀ ń rí lẹ́nu, nítorí Togo náà, tí Keshi mú dé ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, Otto Pfister ará Jámánì ni wọ́n gbé ikọ̀ náà lé lọ́wọ́ lọ́dún 2006. Síbẹ̀, níbi ìdíje kan náà ní Brazil lọ́dún 2014, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó mú ikọ̀ rẹ̀ dé ìpele ẹni-tó-bá-fìdí-rẹmi-á-lọ-ilé.

Ó kú ní Benin ní oṣù Kẹfà 2016, lẹ́ni ọdún 54; láàárín ọjọ́ mélòó kan, Shuaibu Amodu, tí òun náà ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles, tẹ̀ lé e. Asaba ti fi orúkọ Keshi pe pápá ìṣeré rẹ̀. Ní ti Odígbó, kí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars máa yà ní Ore, kí wọ́n wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó wá ọ̀nà ibòmíràn lọ.