Yíyan Ẹ̀rọ Tí Ń Dá Omi Padà Sínú Àpótí Ẹja Inú Ilé

Ìfáárà

Ètò tòní dá lórí ohun kan tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí ń bẹ nídìí rẹ̀. Ohun náà ni yíyan ẹ̀rọ tí ń dá omi padà sínú àpótí onígíláàsì tí ènìyàn fi ń sìn ẹja nínú ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn ẹja ni ó ń fi sùúrù yan ẹja, tí wọ́n ń fi owó gidi yan àpótí, tí wọ́n sì ń fi ojú lásán yan ẹ̀rọ. Wọn a dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, wọn a wo nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ lára páálí, wọn a sì sanwó. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó yé irú olùrà bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nọ́ńbà ara páálí kọ́ ni omi tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹja. Ohun tí gíga ilé, fífẹ̀ páìpù àti ìwà iná ìlú bá ṣẹ́kù nínú nọ́ńbà náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ètò omi náà ṣe rí

Àpótí méjì ni ó wà nínú ètò yìí. Ọ̀kan wà lókè. Inú rẹ̀ ni ẹja ń gbé, òun sì ni àlejò ń wò. Èkejì fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó gbé ti òkè dúró. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní táǹkì ìsàlẹ̀. Omi a máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti etí àpótí òkè, a gba inú páìpù, a gba àárín fóòmù àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ń sẹ́ ìdọ̀tí kọjá, a sì gúnlẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń gbé e padà sókè. Sísọ̀kalẹ̀ omi kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Gígòkè rẹ̀ ni ó ń náni lówó.

Ìlọ-bọ̀ omi yìí kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Bí ẹja ti ń jẹun tí ó sì ń mí, ara rẹ̀ ń tú amóníà jáde, májèlé sì ni amóníà jẹ́ fún ẹja fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ara fóòmù àti òkúta ni wọ́n ń sọ májèlé yìí di ohun mìíràn tí agbára ìpalára rẹ̀ kéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò náà pẹ̀lú ń fẹ́ ọ́síjìn, inú omi tí ń ṣàn ni wọ́n sì ti ń rí i. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ pẹ́, ẹja ń pàdánù afẹ́fẹ́, àwọn tí ń tún omi rẹ̀ ṣe náà sì ń kú lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹja Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1871, ẹni tí ó ṣe ètò omi rẹ̀, William Alford Lloyd, fi àgbá omi ńlá kan sí ìsàlẹ̀ inú òkùnkùn, ó sì fi ẹ̀rọ tí agbára ooru omi ń yí gbé omi òkun náà lọ sínú àwọn àpótí tí àwọn ènìyàn ń wò. Ohun tí ó ṣe fún gbogbo ìlú ni olùsìn ẹja òde òní ń ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Gíga ni ó ń jẹ nọ́ńbà

Lítà omi tí ẹ̀rọ lè tú jáde ní wákàtí kan bí kò bá gbé e ga rárá ni a sábà ń kọ sí ara páálí. Nọ́ńbà kejì a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í kà: gíga tí ẹ̀rọ náà lè gbé omi dé kí agbára rẹ̀ tó tán. Ní góńgó gíga yìí, omi á dúró nínú páìpù, kò ní dà rárá. Láàárín òdo àti góńgó yìí ni gbogbo ilé wà.

Kí àpẹẹrẹ kan là á yéni. Bí àpótí òkè bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ó fẹ̀ ní 50, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní 50, lítà 300 ni omi náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí gbà pé ó tó bí omi àpótí bá lọ tí ó bọ̀ ní ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún ní wákàtí kan. Bí a bá mú ìgbà mẹ́rin, lítà 1,200 ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé dé òkè. Kí a wá sọ pé láti ojú omi táǹkì ìsàlẹ̀ dé ẹnu páìpù lókè jẹ́ mítà 1.4. Olùrà rí ẹ̀rọ kan tí páálí rẹ̀ sọ pé lítà 2,000, tí góńgó gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.5. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mítà 1.4 ti jẹ ju ìdajì agbára náà lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ gbọnrangandan, bí lítà 880 ni ó kù. Ẹ̀rọ tí ó ní lítà 3,000 àti góńgó mítà 3.5 yóò ṣẹ́ bí 1,800 kù, èyí tí páìpù yóò tún bù lára rẹ̀. Ìlà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ń yà sí ara páálí tàbí inú ìwé rẹ̀ kì í sábà tọ́ bíi ti ìṣirò yìí, ó máa ń tẹ̀. Ìlà náà ni kí olùrà fi ṣe ẹ̀rí tí ó gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tí kò ní ìlà yìí, tí kò sì sọ góńgó gíga rẹ̀, kò yẹ ní rírà.

Páìpù náà ní tirẹ̀ láti gbà. Ibi gbogbo tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni omi ti ń pàdánù agbára, páìpù tóóró sì burú ju èyí lọ. Kí páìpù má ṣe kéré sí ẹnu ẹ̀rọ, kí ó sì tọ́ bí ó bá ti lè tọ́ tó. Bí omi bá pọ̀ jù, fáàfù tí a fi sí ọ̀nà àbájáde lè dín in kù láìpa ẹ̀rọ lára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, nítorí ebi omi ni ó ń ba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Àwọn kan yóò wá rò pé kí wọ́n ra èyí tí ó tóbi jù lọ kí ọ̀rọ̀ tán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń gbé omi gòkè ju bí páìpù àbọ̀ ṣe lè gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ, orí kápẹ́ẹ̀tì ni ìyókù yóò dà sí. Àwọn mìíràn a sì mú ẹ̀rọ tí ó ń fa omi kànga ilé wá, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ omi ń pè ní súmò. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà fún gbígbé omi ga lọ sínú táǹkì orí òpó fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdajì agbára ẹṣin yóò jẹ ju wáàtì 370 lọ. Bí ó bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yúníìtì iná 9 lóòjọ́. Ẹ̀rọ àpótí ẹja tí ń jẹ wáàtì 40 kò ní jẹ tó yúníìtì kan lóòjọ́.

Níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀

Kò sí ìbéèrè tí ó wúwo fún olùsìn ẹja ní Nàìjíríà bí èyí: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ? NEPA kógbá sílé ní 2005, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti gba pípín iná láti 2013, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, orúkọ NEPA ni àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo.

Àwọn àgbà ní omi ni ènìyàn, bí ó bá ṣàn síwájú, a ṣàn sẹ́yìn. Omi inú àpótí kò yàtọ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, páìpù tí ń gbé omi gòkè yóò di èyí tí ń fà á wálẹ̀, títí tí ẹnu rẹ̀ lókè yóò fi bọ́ sí gbangba. Nínú àpótí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, bí ojú omi bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré, lítà 18 ni yóò wọ́ wá sí ìsàlẹ̀. Bí ẹnu páìpù bá rì ní sẹ̀ǹtímítà 15, lítà 90 ni. Nítorí náà, kí ẹnu páìpù wà nítòsí ojú omi, kí a lu ihò kékeré kan sí i lára díẹ̀ sí abẹ́ ojú omi kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọlé já ìfà náà, kí a sì fi àyè sílẹ̀ nínú táǹkì ìsàlẹ̀ fún gbogbo omi tí yóò bọ̀. Àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé fáàfù tí ń dènà ìpadàsẹ́yìn omi. Ṣùgbọ́n ìgbín tàbí ewéko tíńtín lè há sí i lẹ́nu kí ó má lè pa dé mọ́. Kí olùsìn ẹja fúnra rẹ̀ pa iná ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó dúró wò ó. Bí agbè kò bá fọ́ tí omi kò sì dànù lójú rẹ̀, ó lè lọ sùn.

Ẹ̀kejì ni bí ẹja yóò ṣe mí títí iná yóò fi dé. Níhìn-ín ni ẹ̀rọ tí ń jẹ iná díẹ̀ ti ń gbẹ̀mí là. Bátìrì fóòlùtì 12 tí ó gba 100 àmúpù-wákàtí ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Bí a kò bá fẹ́ ba bátìrì olómi jẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí a lò. Ìdajì yìí, nípasẹ̀ ínfátà, lè gbé ẹ̀rọ wáàtì 40 fún nǹkan bí wákàtí 12. Kò lè gbé ẹ̀rọ wáàtì 370 fún wákàtí méjì.

Ẹ̀rọ tí ó ti òkè òkun wá

Ẹ̀rọ tí ìbátan fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀. Fóòlùtì 115 sí 120 ni iná ibẹ̀, ó sì ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Nàìjíríà jẹ́ fóòlùtì 230, ó sì ń yí ní ìgbà 50. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé tìráńsífọ́mà lè dín fóòlùtì kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò lè yí ìyípo iná náà padà. Abẹ̀bẹ̀ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé ìyípo iná, nítorí náà, ìdá 83 nínú 100 ni eré rẹ̀ yóò jẹ́, góńgó gíga rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 70. Ìyàtọ̀ yìí kì í dààmú ẹ̀rọ tí ń lo iná bíi ti bátìrì, bí àpótí iná rẹ̀ bá gba fóòlùtì 100 sí 240. Irú ẹ̀rọ yìí ṣeé dín eré rẹ̀ kù, ó sì sábà máa ń jẹ iná díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ́n ju èkejì lọ, àpótí iná tí ń darí rẹ̀ sì lè bàjẹ́ kí ẹ̀rọ gan-an tó bàjẹ́.

Kí olùrà tún wo ibi tí ẹ̀rọ yóò gbé. Èyí tí ń gbé inú omi kì í pariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ooru ara rẹ̀ ń wọ inú omi, omi gbígbóná sì ń gba ọ́síjìn díẹ̀ ju omi tútù lọ. Nílẹ̀ olóoru, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èyí tí ń gbé ìta kì í mú omi gbóná tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè jò. Bí omi náà bá sì jẹ́ omi iyọ̀, irin kankan tí ó lè dípẹtà kò gbọdọ̀ kan omi. Bàbà a sì máa pa edé.

Ìkádìí

Nígbà náà, ìbéèrè márùn-ún ni kí olùrà gbé lọ sí ọjà, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ní títẹ̀léra. Lítà mélòó ni àpótí náà gbà? Mítà mélòó ni omi yóò gùn? Lítà mélòó ni ẹ̀rọ yìí ń gbé ní gíga náà gan-an? Wáàtì mélòó ni ó ń jẹ? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ ní òru? Ìbéèrè nípa iye owó yẹ kí ó tẹ̀ lé ìwọ̀nyí, nítorí ẹ̀rọ tí ó fi wáàtì 50 jẹ iná ju èkejì lọ yóò ti jẹ yúníìtì 438 lé ti èkejì kí ọdún kan tó yí po.

Olùkọ́ tí ó bá gbé àpótí ẹja kan kalẹ̀ ní kíláàsì lè rí ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa agbára àti ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí fà yọ nínú rẹ̀ fún odidi sáà kan. Kò sì nílò ẹja òkèèrè. Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó rà fún àpótí wọn, odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Nínú odò náà, kò sí ẹni tí ń gbé omi padà fún un. Ẹni tí ó bá mú un kúrò níbẹ̀ wá sínú gíláàsì ti gba iṣẹ́ odò ṣe, kò sì yẹ kí ó fi ojú lásán yan ohun tí yóò bá a ṣe é.