Ẹni Tí Ó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Sìgá: Kí Ni Iṣẹ́ Jàmáà?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tún dá ẹ̀mí wa sí títí a fi fojú kan Rámàdánì. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin bàbá wa nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yin ìyá wa Alásàlátù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, mo kí yín kú ààwẹ̀. Ọlọ́hun yóò gbà á ní iṣẹ́ rere.

Àkòrí tí ìgbìmọ̀ gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí ni sìgá mímu àti bí ènìyàn ṣe lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí púpọ̀ yín ti ń retí. Ẹ ń retí pé kí n ka àwọn àìsàn tí ó wà nínú sìgá, kí n sọ pé kò dára, kí á ṣe àdúà, kí olúkálùkù sì máa lọ sílé rẹ̀. Èmi yóò fọwọ́ kan ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ń mu sìgá láàrin wa mọ̀ pé ó ń pa òun lára. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí tí ó ń rà. Ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n ọn, ènìyàn ni kò ní. Nítorí náà, ìwọ tí o kò fi sìgá kan ẹnu rí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Sìgá kò sí ní ayé Ànábì. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ń parí lọ ni tábà wọ àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí láti Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ sì yapa lórí rẹ̀. Ahmad Baba ti Timbuktu, àgbà onímọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀, kọ ìwé ní ọdún 1607 tí ó fi gbà á láàyè. Ní Íjíbítì, Ibrahim al-Laqani, ẹni tí ó wà lórí mazhab Imam Malik gẹ́gẹ́ bí àwa náà, kọ ìwé tí ó fi kọ̀ ọ́. Ali al-Ujhuri, ọmọ mazhab kan náà ní ilẹ̀ kan náà, kọ èyí tí ó fi gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sá sábẹ́ ìyapa yẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń tọ́ka sí Ahmad Baba rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni ní ọdún 1607 tí ó mọ ohun tí èéfín náà ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, gbé ìwádìí wọn jáde tí ó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 7, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 nínú wọn kò mu ún fúnra wọn. Èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà símú, ìyàwó nínú yàrá, ọmọ lórí ẹní. Àwọn áyà tí ó kọ̀ fún wa láti ṣe ara wa ní jàǹbá, ní Súrà al-Baqarah áyà 195 àti Súrà an-Nisa áyà 29, kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iyèméjì mọ́. Mo fi ìdájọ́ sí ibẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2012 rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5 àgbàlagbà ni ó ń lo tábà. Nínú ọkùnrin 100, mẹ́wàá ni. Ẹ fi ìyẹn wo sáfù wa. Bí ogún ọkùnrin bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣeé ṣe kí méjì wà nínú wọn, síbẹ̀ a máa ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni pé ará ìta ni wọ́n. (Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń fín aáṣáà, ẹ má rẹ́rìn-ín, tábà ni tiyín náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fa ṣíṣà, èéfín tí ó gba inú omi kọjá kò di omi.)

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń mu sìgá nínú oṣù yìí. Láti ìgbà tí ó bá ti parí sààrì títí di Mọ̀ngàríbì, ó lé ní wákàtí 13, kò ní fi iná sí i, nítorí ó mọ̀ pé èéfín ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó so ó mọ́lẹ̀ nínú sìgá ni à ń pè ní nikotíìnì. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí ó bá fa èéfín, ó ti dé ọpọlọ. Láàrin nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti ń dínkù ni ara ń béèrè: inú á máa bí i, orí á máa fọ́ ọ, ọkàn kò ní balẹ̀, oorun kò ní dùn. Àwọn oníṣègùn sọ pé ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ ni ìnira yìí máa ń le jù, lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó bá sì fi máa tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, púpọ̀ rẹ̀ á ti lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé èyí yẹ̀wò dáadáa. Ẹni tí ó gba ààwẹ̀ ní ọ̀sán tí ó wá fi sìgá ṣínu ní alẹ́, ìyà ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń jẹ lójoojúmọ́, kò sì jẹ́ kí ó pé ọjọ́ kẹta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó san owó ọkọ̀ ní ìgbà 30, kò dé ibi tí ó ń lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó pa òru mọ́ ọ̀sán ni, nínú oṣù kan náà, púpọ̀ nínú ìyà náà á ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí á tó lọ sí Yídì.

Ọ̀sán ní ààwẹ̀ tí ń ṣọ́ ọ. Ta ni ń ṣọ́ ọ ní òru?

Ìyánhànhàn sìgá kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bí ènìyàn bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú 5, á kọjá. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 5 pọ̀ fún ẹni tí ó dá wà. Bí ọ̀rẹ́ bá wà nítòsí tí yóò dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí yóò ní kí wọ́n jọ rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí yóò fún un ní omi mu, ìjà yẹn ti parí. Nínú àkójọ ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé àwọn tí ó jáwọ́ nínú sìgá pẹ̀lú ẹgbẹ́ ń ṣe àṣeyọrí ju àwọn tí wọ́n fún ní ìwé láti dá kà lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí òfin ọtí sọ̀kalẹ̀ ní Mẹ̀dínà, Anas ọmọ Malik ni ó ń bu ọtí fún àwọn ènìyàn nílé Abu Talha nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn akéde. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí ó dà á nù, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, títí tí ọtí fi ń ṣàn ní ojú ọ̀nà. Kò sí ẹnì kan tí ó ku òun nìkan tí yóò máa wo ife ẹlòmíràn. Ẹ sì rántí ìtàn ọkùnrin tí ó pa ènìyàn 99, tí ó fi ẹnì kan pé e ní 100, èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Sa'id al-Khudri. Onímọ̀ tí ó bá pàdé kò dúró lórí pé Ọlọ́hun yóò gba ìrònúpìwàdà rẹ̀. Ó ní kí ó kúrò ní ìlú rẹ̀, kí ó lọ sí ibi tí àwọn kan ti ń sin Ọlọ́hun, kí ó bá wọn sìn Ín. Ó rán an sí àárín ènìyàn.

Ṣé àwa jẹ́ irú ènìyàn tí wọ́n lè rán ẹni bẹ́ẹ̀ sí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó fi mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan nítorí pé ẹni tí ó dúró tì í ní sáfù fi ọwọ́ bo imú, tí ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí gbogbo ènìyàn. Lóòótọ́ ni Ànábì ní kí ẹni tí ó jẹ ááyù tàbí àlùbọ́sà tútù jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí ń mu sìgá ní láti fọ ẹnu, kí ó run pákò, kí ó pààrọ̀ ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún wa láṣẹ láti dójú tì í? Abu Huraira sọ, nínú ìwé Bukhari, pé wọ́n mú ọkùnrin kan tí ó mu ọtí wá, wọ́n sì nà án. Bí ó ti ń lọ ni àwọn kan ṣépè fún un. Ànábì kọ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ ran Ṣàìtánì lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí ìjìyà tọ́ sí ni ìyẹn, wọ́n sì ti fi jẹ ẹ́. Síbẹ̀, èpè kò sí nínú ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olúkálùkù wa fi èyí wo ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí nígbà tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ní jàmáà kan tí mo ti jókòó rí, ọkùnrin mẹ́ta dìde lọ́dún kan: aránṣọ kan, awakọ̀ tírélà kan, àti bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ní alẹ́ tí wọ́n rí oṣù, wọ́n kó ìṣáná àti láítà wọn fún lèmọ́mù. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò máa ṣínu pọ̀, àwọn yóò máa kírun àṣámù pọ̀, àwọn yóò sì jọ fẹsẹ̀ rìn délé. Ní òru kẹsàn-án, a kò rí awakọ̀. Ní ọjọ́ kejì a kò rí i. Àwọn méjì yòókù gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, wọ́n lọ bá a nílé. Wọ́n jẹun tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti já yín kulẹ̀." Bàbá ní, "O kò já mi kulẹ̀. Òru mẹ́jọ ni o ti ṣe, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Níbo ni ó ti bá ọ?" Ó ní ní gáréèjì ni, lẹ́yìn tí òun ṣínu tán pẹ̀lú àwọn tí ń bá òun di ẹrù. Wọn kò wàásù fún un. Wọ́n sọ fún un pé láti ọ̀la lọ, kò gbọdọ̀ ṣínu ní gáréèjì mọ́. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà, kí ó tẹ àwọn láago bí ó bá ti jẹun tán. Aránṣọ àti Bàbá kò padà sí i mọ́. Awakọ̀ tún ṣubú lẹ́yìn Ìtúnú ààwẹ̀, wọ́n tún lọ bá a. Rámàdánì kejì sí ìgbà náà ni ó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ẹ kíyè sí ìbéèrè Bàbá. "Níbo ni ó ti bá ọ?" Ìbéèrè àgbẹ̀ tí ń wá ihò tí òkété gbà wọ oko ni. Ẹni tí ó bá ṣubú, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò ní ìgbàgbọ́. Ẹ bi í ní ibi tí ihò wà, kí ẹ jọ dí i.

Àwa tí a kúrò ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti ibòmíràn wá jókòó sí ilẹ̀ Hausa níhìn-ín, a kò ṣàjèjì sí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àáró ni àwọn bàbá wa fi kọ ebè. Àjọ àti èsúsú ni àwọn ìyá wa fi dá ọjà sílẹ̀. Ẹni tí ń mu ẹyọ sìgá 10 lójúmọ́ ń sun ẹyọ 3,650 láàrin ọdún. Kí ó bá àwọn tí wọ́n jọ ń jáwọ́ dá àjọ owó yẹn, kí wọ́n máa kó o fún ara wọn. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ mú sùúrù fún un ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Ìbínú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rán ọmọ lọ ra sìgá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ìyá wa tí ń tajà, kí wọ́n má bínú sí mi. Òfin àkóso tábà ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà kò gbà kí á ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò sì gbà kí á máa tú páálí tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan tí ó wà lórí àtẹ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni ó ń mú ẹni tí ó ń jáde láti àṣámù. Kò lówó páálí, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan kò wọ́n ọn. Ẹ gbé e kúrò lórí àtẹ. Ọlọ́hun kò ní fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá nílò oògùn, kí ó lọ rí dókítà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì kò ṣeé jẹ lójú ààwẹ̀. Ní ti àlẹ̀mọ́ra tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, àjọ àwọn onímọ̀ fíkíì àgbáyé tí ó jókòó ní Jeddah ní ọdún 1997 ti ka irú oògùn tí ń gba ara awọ wọlé mọ́ ohun tí kì í ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ Ìtúnú ààwẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù. Ààwẹ̀ ti lọ, ọ̀rẹ́ àtijọ́ dé, oúnjẹ pọ̀, ẹnì kan á sì na ọwọ́ sìgá sí i pé kí ó fi ṣọdún. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń jáwọ́ má ṣe fi ara wọn sílẹ̀ láti Yídì títí di alẹ́ ọjọ́ náà.

A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó dúró dè mí lẹ́yìn ìrun àṣámù lálẹ́ èyíkéyìí, lẹ́bàá ibi àlúwàlá. Ẹni tí kò mu sìgá rí tí ó sì fẹ́ bá wọn rìn délé, kí òun náà dúró.

Wassalaamu alaykum wa rahmatullaah.