Ilé ni a ti ń kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ lórí Ìjókòó tí a fi ń kọ́ Wíwa Ọkọ̀ Òfuurufú

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la ọmọ wa ni. Ó jẹ mọ́ ìjókòó kan tí a fi igi àti irin kàn, tí ń dẹ̀gbẹ́, tí ń gbórí sókè, tí ń dorí kodò bí ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò máa wo ojú ọ̀run nínú kọ̀ǹpútà, yóò sì máa kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ náà láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wewu. Àwọn baba wa ti wí i pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí gan-an ni ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Ta ni ó ṣe èyí tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn ká ayé? Kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe yunifásítì. Edwin Link ni, ọmọ oníṣẹ́ dùùrù ní ìlú Binghamton ní Amẹ́ríkà. Owó tí a fi ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú wọ́n púpọ̀ nígbà náà, ó sì ń rò ó bí ènìyàn ṣe lè kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lórí ilẹ̀. Láàrin 1927 àti 1929, ní abẹ́ ilé iṣẹ́ baba rẹ̀, ó mú irú ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó sì fi wọ́n gbé àpótí kan tí a ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Bí ẹwìrì kan bá kún tí èkejì sì sọ̀, àpótí a dẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹwìrì kì í ṣe àjèjì sí alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìgbafẹ́ ni a ti ń fi ẹ̀rọ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ní 1934, nígbà tí a gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lójú òfuurufú lé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ awakọ̀ wọn ṣòfò ẹ̀mí nínú kùrukùru àti òkùnkùn, nítorí a kò tí ì kọ́ wọn dáadáa bí a ti ń fi aago inú ọkọ̀ nìkan mọ ọ̀nà. Nígbà náà ni wọ́n ra 6 lára ẹ̀rọ Link. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀ ti lé ní 500,000. Nínú ogun yẹn kan náà, ọmọ Èkó kan, Peter Adeniyi Thomas, di awakọ̀ àti ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó kú ní 1945. Ìgboyà, nígbà náà, kọ́ ni ó wọ́n wa.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń kọ́ awakọ̀ lónìí dúró lórí ẹsẹ̀ 6 tí ń gùn tí ń kúrú. Gough, ẹnjiníà iléeṣẹ́ Dunlop ní Birmingham, ṣe irú rẹ̀ ní 1954 láti fi dán táyà wò. Ní 1965 ni Stewart kọ̀wé lórí irú rẹ̀ fún kíkọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ọwọ́ oníṣẹ́ dùùrù àti ọwọ́ oníṣẹ́ táyà ni ohun ńlá yìí ti wá.

Báwo ni ìjókòó tí kò lọ síbì kan ṣe ń mú ara gbà pé òun ń fò? Ara kì í mọ ìyára tí kò yí padà. Ìyípadà ni ó ń mọ̀. Ẹni tí ó dijú nínú ọkọ̀ tí ń sáré lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú kò lè sọ bí ó ti ń yára tó; ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, àyà rẹ̀ yóò fò síwájú. Nítorí náà, bí a bá rọra dá ìjókòó sẹ́yìn, tí àwòrán tí ojú ń wò kò sì dẹ̀gbẹ́, ìwúwo ara a ti ẹ̀yìn mọ́ ìjókòó, ọkàn a sì gbà pé ọkọ̀ ń ki eré mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ a dá ìjókòó padà jẹ́jẹ́, tí ara kò ní fura.

Lókè òkun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é nínú ilé. Kúrọ́ọ̀sì ọ̀pá tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ lè jẹ́ oríkèé tí ìjókòó yóò máa yí lé. Ẹ̀rọ kékeré 2 tí ń yí wáípà yóò máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, sípíríǹgì yóò sì bá wọn gbé ìwúwo ènìyàn. Bátìrì ọkọ̀ tó láti bọ́ wọn, nítorí náà kò dìgbà tí iná ìjọba bá wà. Èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni a kò lè rí ní Ore, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà tí ó gba Odigbo lọ sí Ondo? Pákó ń bẹ, irin ń bẹ, mẹkáníìkì àti ajórin sì pọ̀ lọ súà.

Kí ni ó kù, nígbà náà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ajórin wa lè so irin pọ̀ kí ó má já láé, ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé báwo ni ọwọ́ ẹ̀rọ yóò ti yí tó kí ìjókòó lè dẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n 10, kò kọ́ ìṣirò onígun mẹ́ta tí yóò fi dáhùn. Ọmọ ilé-ìwé wa mọ ìṣirò náà lórí pátákó, ṣùgbọ́n kò di sípánà mú rí. Àwọn méjèèjì ń gbé ní ìlú kan náà, wọn kò sì mọ ara wọn. Àárín wọn yìí gan-an ni ọrọ̀ wa ń gbà sọnù.

A kò ní tàn yín jẹ o. Ìjókòó àdáṣe kò lè sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀. Ìjọba kì í ka wákàtí inú rẹ̀ mọ́ ti ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bí èyí tí a dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1964 ni ọmọ yóò ti gba ìyẹn. Kì í sì í ṣe ohun ìṣeré ọmọ kékeré: irin tí ó ń gbé ènìyàn lè gé ìka. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì pupa tí yóò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìdènà tí kò ní jẹ́ kí ó dẹ̀gbẹ́ kọjá ààlà.

Ohun 3 ni a ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹ̀yin ìjòyè fún wa ní àtíbàbà kan. Kí ẹ̀yin olùkọ́ yan ọmọ tí ó mọ ìṣirò, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti máa wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Kí ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ gbà wọ́n láyè, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ wọn.

Láti 1967 tí ogun abẹ́lé ti dé ẹnu ọ̀nà wa, ìjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí Ore. Àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n sí ibi tí èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀ jẹun lásán. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ọgbọ́n orí kún un. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ wa ó pàdé. Àṣẹ.